Ẹyẹ Tó Tẹrí Ba Ní Hamburg

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé pé kí ni mo rí ní Jámánì, ẹ jókòó kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnu mi lè sinmi. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ òfurufú. Gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ló ń sọ pé ẹsẹ̀ òun wú. Tèmi náà wú, ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti aṣọ kan tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, ti ẹyẹ méjì tó wà lára rẹ̀, àti ohun tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ ara mi ṣe sí ọ̀kan nínú wọn.

Ìlú tí wọn kì í kíni

Títílayọ̀ ọmọ mi ló bí ọkùnrin, ni mo bá lọ bá a wẹ ọmọ. Marzahn ni wọ́n ń gbé ní Berlin, nínú àwọn ilé gíga tí ọ̀kan kò fi ohunkóhun yàtọ̀ sí èkejì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá jáde, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíì ni mo padà sí, tí mo ń pariwo pé kí Títí wá ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin tó yọjú wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó rọra pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Kò bú mi, kò sì bi mí pé ta ni mò ń wá. Àìbéèrè yẹn ló dùn mí jù.

Wọn kì í kíni níbẹ̀. Nínú lífíìtì, mo kí àwọn tí mo bá pé ẹ káàárọ̀, mo tún fi gẹ̀ẹ́sì kí wọn. Gbogbo wọn gbójú sílẹ̀, wọ́n ń wo bàtà ara wọn. Mo tún un kí, bóyá wọn kò gbọ́.

"Mọ́mì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre," Títí sọ fún mi. "Kì í ṣe pé wọ́n burú o. They just like their space."

"Space wo? Nínú àpótí tí gbogbo wa há sí yìí?"

Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Nígbà tí mo bá fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ wọ ọkọ̀, ẹnì kan tí n kò rí rí yóò ti bá mi gbé e ní ẹsẹ̀ kan. Kí n tó yíjú pé kí n dúpẹ́, ó ti lọ. Wọ́n ń ṣoore bí ẹni tó ń sá fún ọpẹ́. Ó pẹ́ kí ara mi tó gbà á pé báyìí ni wọ́n ṣe ń kíni lọ́dọ̀ tiwọn.

Òwú pupa

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan wọ lífíìtì bá mi. Ó gbé àpò dání, òwú pupa kún inú rẹ̀ ó ṣẹ́ yọ síta. Ẹ mọ̀ pé ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, ìyá mi sì hun aṣọ títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Bí mo bá rí òwú, ọwọ́ mi kì í gbọ́ tèmi mọ́. Mo na ọwọ́, mo fa òwú obìnrin náà, mo sì ń fi ìka méjì yí i kí n mọ bí wọ́n ṣe ran án. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti ń fa òwú olówùú níwájú gbogbo èèyàn.

Àwọn yòókù tún tẹjú mọ́ bàtà wọn. Ìyá náà kò wo bàtà. Ìka mi ló ń wò. Ó ní, "Wolle," ó tún sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì pé irun àgùntàn ni. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ṣé o máa ń hunṣọ?"

Mo ní ìyá mi ló ń hun, èmi ń wò ó. Nígbà tí a dé òkè, ó ṣílẹ̀kùn rẹ̀, ó sì fi orí júwe fún mi pé kí n wọlé. Ilẹ̀kùn tó kọjú sí ti Títí gan-an ni.

Nígbà tí mo délé sọ fún Títí, ó fọwọ́ lérí. "Mọ́mì! Ẹ ò lè kàn wọlé onílé bẹ́ẹ̀ o. Termin ni wọ́n ń gbà níbí kí èèyàn tó lọ sílé ẹlòmíì."

"Ta ló fún ìwọ ní Termin kí o tó wá sínú ayé mi?" Mo gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, mo padà lọ.

Ìlónà ni orúkọ ìyá yìí. Họ́ngárì ló ti wá. Ilé-iṣẹ́ ló gbé e wá sí Berlin nígbà tó wà ní ọmọge, ó fẹ́ ọkọ síbẹ̀, ọkọ sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti dáná ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Schöneberg fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ló ti gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ àti tèmi, fífọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ibi tí tirẹ̀ ti fọ́ kọ́ ni tèmi ti fọ́, nítorí náà a ń gbọ́ ara wa.

Ó bu ọbẹ̀ fún mi. Ọbẹ̀ náà pupa bí iná, mo ti ń múra sílẹ̀ de ata. Mo mu ún, ata kò ta mí. Mo tún mu ún, ata kò kúkú sí níbẹ̀. Wọ́n lọ ata di ẹ̀tù pupa, wọ́n sì bọ́ oró kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ kejì mo bu díẹ̀ nínú ata gígún tí mo gbé láti ilé lọ fún un. Ó fi ṣíbí kan tọ́ ọ wò, ó wúkọ́, omi dà lójú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú. Láti ọjọ́ náà ni a ti di ọ̀rẹ́.

Àwọn ẹyẹ tí kò lórí

Òfì rẹ̀ gba yàrá kan tán, ó nàró láti ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àjà. Òfì ìdúró ni, irú èyí tí àwọn obìnrin wa ń lò lẹ́yìnkùlé. Mo fi ọwọ́ kan igi rẹ̀, mo sì sunkún. Ojú kò tì mí. Ìyá mi ni mo rí níbẹ̀, ní ìlú tí kò mọ̀ pé ó wà láyé rí.

Aṣọ tó wà lórí òfì náà kì í ṣe ti ara. Ti ògiri ni, irú èyí tí ìyá fi ń sin ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sílé ọkọ ní ìdílé wọn. Ìlónà mú àwòrán rẹ̀ wá, ó ń fi ìka tọ́ka ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi. Igi tó wà láàárín ni ìdílé, gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn tó ti kú. Òdòdó tùlípù tó yọ lára rẹ̀ ni obìnrin. Èso pómégíránátè, tí èmi mọ̀ nínú Bíbélì nìkan, ni ọmọ púpọ̀. Ìwo àgbò tó ká roro ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé. Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa náà aṣọ máa ń sọ̀rọ̀, pé bí ìyá mi bá rí ilà aró tó wà lára aṣọ ẹnì kan lókèèrè, ó ti mọ̀ bóyá ìnáwó ló ń lọ tàbí ó ń ṣọ̀fọ̀. Ó mi orí, ó mi orí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún bu ọbẹ̀ sí i fún mi.

Ẹyẹ méjì ló wà ní ẹ̀gbẹ́ igi náà, wọ́n kọjú síra wọn. Nínú àwòrán, wọ́n lórí. Lára aṣọ, wọn kò lórí. Ibi ọrùn ni ó hun wọn dé, ó sì dúró.

Fọ́tò ọmọbìnrin kan wà lórí fìríìjì rẹ̀. Mo bi í léèrè pé kí ni orúkọ ọmọ yẹn. Ó ní Mátà. Mo ní ó dára, a kì í dédé fi orúkọ pe àgbà tó ti bímọ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà Ìyá Mátà ni n ó máa pè é, kí òun náà máa pè mí ní Ìyá Títí. Ó dìde, ó lọ ń fọ abọ́ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìdí abọ́ náà ló ti sọ ọ́, kò yíjú. Ó ní ọkùnrin tí Mátà mú wá kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ní òun sọ fún un pé kò ní pẹ́ tí yóò fi padà wá kan ilẹ̀kùn òun, òun kò sì lọ síbi ìgbéyàwó náà. Mátà kò padà wá kan ilẹ̀kùn kankan. Ọkùnrin náà dára, ilé wọn tòrò ní Hamburg, wọ́n sì ti bímọ báyìí. Lẹ́nu ẹlòmíràn ni ìyá yìí ti gbọ́ pé òun ti di ìyá àgbà.

"Ọrùn ni mo dé nígbà tí ìjà dé," ó ní. "Mo fẹ́ hun ún tán, kí n gbé e lọ fún un. Ọwọ́ mi ni kò gbà mọ́."

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, mo rí i bí ó ṣe ń gbọ̀n. Ilé ìwòsàn ti fún un ní Termin pé àwọn yóò la ọrùn-ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá Títí," ó ní, ìgbà àkọ́kọ́ tó pè mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn, "ṣé wàá bá mi fi orí sí wọn?"

Ohun tí mo hun

Ó kọ́ mi kó tó lọ sílé ìwòsàn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀yìn aṣọ ni ẹni tó ń hun máa ń wò. Ojú aṣọ wà ní òdì kejì, ó kọjú sí ògiri. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mo ní ó ti yé mi. Ó yé ẹnu mi ni, kò yé ọwọ́ mi, nítorí ní Ọ̀wọ̀ ojú aṣọ ni ìyá mi ń wò, ojú aṣọ náà sì ni mo fi ojú tèmi kọ́.

Ó ku díẹ̀ kó jáde ni mo bi í pé, nínú ẹyẹ méjèèjì, ta ni ta ni. Ó ní àwọn ẹlòmíràn máa ń sọ pé ọkọ àti ìyàwó ni, ṣùgbọ́n ní ìdílé tàwọn, ìyá àti ọmọ ni. Ìyá ló wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

Gbogbo àárọ̀ ni mo ń lọ síbẹ̀, n ó pọn ọmọ, n ó bomi rin òdòdó rẹ̀, n ó wá jókòó sídìí òfì. Ọmọ fẹ́ràn ìró rẹ̀, ó máa ń sùn. Mo hun orí ẹyẹ ti ọwọ́ ọ̀tún bó ṣe wà nínú àwòrán, ó gbé orí rẹ̀ sókè dáadáa bí ìyá ilé. Nígbà tí mo dé ti ọwọ́ òsì, mo dúró. Ọmọ mà ni eléyìí. Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ jà, tí wọn kò fojú kan ara wọn láti ìgbà náà, ni yóò wá nàró bí ọlọ́pàá níwájú ìyá tó bí i? Kò ní ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ èmi Ìyá Títí. Mo pa àwòrán tì, mo fi òwú pupa tẹ ọrùn ẹyẹ náà wálẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà rẹ̀. Ó rẹwà. Ó kúnlẹ̀ tán, ẹsẹ̀ ló kù. Mo ń yin ara mi lọ sílé. Mo ní nígbà tí ìyá náà bá dé, yóò mọ̀ pé ilé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ ni mo ti wá.

Ọjọ́ tí a gé e

Ìyá Mátà dé pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Mo pe Títí wá kó wà níbẹ̀. A gé aṣọ náà kúrò lórí òfì, a gbé e sílẹ̀, èmi àti Títí dì í mú ní etí, a sì yí ojú rẹ̀ sókè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó wà lọ́wọ́ òsì ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹyẹ tí mo ní kó kúnlẹ̀ kì í ṣe ọmọ. Ìyá ni. Ọmọ ló gbórí sókè tó ń wò ó.

Títí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mọ́mì, ta ló ní kí ẹyẹ tẹrí ba? Kò sí nínú àwòrán o."

Mo ṣàlàyé. Mo ní lọ́dọ̀ wa, ọmọ ló ń kúnlẹ̀ fún ìyá. Mo ní mo fẹ́ kí Mátà kí ìyá rẹ̀ ni. Mo ní n ó tú u, n ó tún un hun ní kíá.

Ìyá Mátà wo ẹyẹ náà pẹ́. "Mátà kọ́ nìyẹn," ó ní. "Èmi nìyẹn." Lẹ́yìn náà ló fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kí a máa lọ sílé.

Kò ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì. Mo kàn án, mo gbé ọbẹ̀ síbẹ̀, ọbẹ̀ náà tutù síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin yìí ní láti fi bẹ ọmọ rẹ̀ ni mo fi àṣejù bà jẹ́. Títí ní, "Mọ́mì, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ fún wọn ní àyè." Lọ́tẹ̀ yìí n kò bi í pé àyè wo.

Ó tó bí ọjọ́ mélòó kan kí ẹnì kan tó kan ilẹ̀kùn wa. Ìyá Mátà ni, ó ti wọ kóòtù, ó dé fìlà. Ó ká aṣọ náà sí abẹ́ apá tí báńdéèjì kò sí.

"Mo fẹ́ lọ sí Hamburg," ó ní. "Mi ò lè dá lọ."

Mo bi í pé ṣé ó ti tú orí ẹyẹ náà. Ó ní rárá. N kò lè bi í ní èyí tó kù. Mo lọ mú gèlè mi.

Hamburg

Afẹ́fẹ́ Hamburg kì í ṣe ti Berlin. Omi wà nínú rẹ̀, ó ń wọ inú aṣọ. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tí a jáde ní Bahnhof, àdúgbò St. Georg ni a bọ́ sí, èrò ń lọ èrò ń bọ̀, àwọn Mùsùlùmí ń jáde láti mọ́sáláṣí. Mo wá gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo Yorùbá nínú fóònù pé kí wọ́n má fi ẹrù òun sílẹ̀ ní Èkó o. Ọkàn mi balẹ̀ bí ẹni tó délé.

N kò lè lọ kí ìyá ọmọ tuntun lọ́wọ́ òfo. A wọ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń pariwo náà, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é, ó ń ta oúnjẹ ilé. Mo ra àdín àti kànìnkànìn tí wọn yóò fi wẹ ọmọ. Nígbà tí mo ṣe tán, mo rí i pé Ìyá Mátà ti jókòó sórí àpò gàrí, ó ní òun kò lọ mọ́.

"Mọ́mì, kí ló ṣe màmá òyìnbó yìí?" Ìyá Ìbejì bi mí. "Àbí ó ti rẹ̀ wọ́n ni?"

"Ẹ̀rù ọmọ wọn ló ń bà wọ́n."

"Ọmọ tí wọ́n bí fúnra wọn?"

Mo sọ díẹ̀ fún un. Ó pa fóònù rẹ̀, ó po tíì alátalẹ̀ fún ìyá náà, ó sì kúnlẹ̀ gbé e fún un. "Ẹ sọ fún wọn pé èmi náà, Mọ́mì, ọmọ mi obìnrin ò pè mí mọ́ láti ìgbà tó ti lọ sí Universität. Jámánì ló fi ń dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀, mo máa ń bínú. Now, kó tiẹ̀ fi Jámánì bú mi, màá gbà. Bí mo bá gbọ́ ìró ilẹ̀kùn báyìí, kí n tó béèrè ta ni, mo ti ṣí i."

Kò dúró kí n túmọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ fi èdè Jámánì sọ ọ́ fún un. Ìyá Mátà mu tíì náà tán, ó fi ọwọ́ kan èjìká Ìyá Ìbejì, ó dìde.

Mátà ló ṣílẹ̀kùn. Ó ga ju ti inú fọ́tò lọ, ọmọ wà léjìká rẹ̀. Wọn kò dì mọ́ra. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a wọlé, ó gbé kọfí fún wa, yàrá náà dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń mí. Ó ń ṣe mí bíi kí n kọrin.

Ìyá rẹ̀ tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì. Mátà mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ ohun tó wà lára rẹ̀ bí èmi ṣe mọ ilà aró ìyá mi. Ó ń fi ìka tẹ̀lé e, láti gbòǹgbò dé òdòdó, láti òdòdó dé èso. Ó dé ẹyẹ ti ọwọ́ òsì, tó gbórí sókè, ó kọjá. Ó dé ti ọwọ́ ọ̀tún. Ìka rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó fi èdè wọn bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè kan.

Mo ti la ẹnu láti sọ pé àṣìṣe ni, pé èmi ni mo ba aṣọ jẹ́, pé kó má ka ìyá rẹ̀ sí i. Ìyá Mátà fi ọwọ́ rẹ̀ tó dára tẹ orúnkún mi. Ó dá ọmọ rẹ̀ lóhùn, ọ̀rọ̀ kékeré kan péré.

Mátà fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó tẹrí wálẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ti ìyá rẹ̀, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì tẹrí ba. Ọmọ wà láàárín wọn, ó ń fa irun ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó. Èmi sunkún fún gbogbo wa.

Nírọ̀lẹ́, mo fi kànìnkànìn wẹ ọmọ náà, mo fi àdín pa á lára, mo nà án lẹ́sẹ̀ nà án lọ́wọ́. Mátà pariwo pé kí n rọra, ìyá rẹ̀ ní kó fi mí sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo padà sí Berlin. Ìyá Mátà sìn mí dé Bahnhof, ibẹ̀ ni mo ti bi í pé kí ni Mátà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó bi mí pé ta ló hun ẹyẹ yẹn báyìí."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

Ó tún gèlè mi tó ti fẹ́ bọ́ ṣe pẹ̀lú ọwọ́ kan.

"Mo ní èmi ni."